Dantata: Ọmọ tí ogún bàbá rẹ̀ sọnù, tó wá di olówó Kánò

 

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ wá lọ́kàn tipẹ́, òun la sì fẹ́ sọ lónìí. Àìmọye bàbá wa ló wọ rélùwéè wá sí òkè Ọya níbí pẹ̀lú àpótí kan ṣoṣo. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n ṣòwò, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, wọ́n ní mẹ́rin. Àmọ́ bí a bá lọ síbi tí àwọn ṣọ́ọ̀bù náà wà lónìí, orúkọ ẹlòmíràn la ó bá lára ògiri. Bàbá kú lónìí, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ ìjà lọ́la, nígbà tí yóò bá fi tó ọdún márùn-ún, ọjà ti tán nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti ta ilé, kálukú sì ti gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ ibi tó ti gbéra.

Alhassan Dantata ni ọkùnrin náà. Ní ọdún 1955 ló kú, ó sì ti tó àádọ́rin ọdún báyìí. Síbẹ̀, a kò lè ka olówó márùn-ún ní orílẹ̀-èdè yìí lónìí kí a má dárúkọ ẹni tó jáde láti ara rẹ̀. Kí ló ṣe tí tirẹ̀ kò fi tú ká bíi ti àwọn yòókù? Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1877 ni wọ́n bí i sí Bebeji, ìlú kan tó wà ní ìhà gúúsù Kánò. Agalawa ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn rẹ̀, àwọn tí òwò ọ̀nà jíjìn ti jẹ́ iṣẹ́ wọn láti ìran dé ìran. Obì ni òwò náà. Wọn a kó ẹrù lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, wọn a rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́ gba ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn lọ sí ilẹ̀ Gonja àti ilẹ̀ Aṣáńtì, wọn a sì ra obì wálé. Abdullahi ni orúkọ bàbá Alhassan. Ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Amarya, kì í ṣe ẹni tó ń jókòó sílé. Maduga ni wọ́n máa ń fi ṣáájú orúkọ rẹ̀, ẹni tó bá sì gbọ́ Hausa nínú wa mọ̀ pé Madugu ni olórí ọ̀wọ́ àwọn oníṣòwò tó ń rìn jìnnà. Kí wọ́n tó fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pe obìnrin láyé ìgbà náà, obìnrin náà ti ní láti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò lè ṣe.

Ní nǹkan bí ọdún 1885, Abdullahi kú. Alhassan kò tíì ju bí ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Àwọn ọmọ kéré, kò sí èyí tó lè gba ipò bàbá nínú wọn. Ìyá wọn pinnu pé òun yóò lọ sí Accra ní Gold Coast, ìyẹn ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Gánà lónìí, ibẹ̀ ló sì ti wá di ọ̀kan nínú àwọn obìnrin Hausa tí ajé bá ṣe. Àwọn ọmọ ló fi sílẹ̀ ní Bebeji, lọ́wọ́ ìyá àgbà kan tó jẹ́ ẹrú nínú ilé wọn. Tata ni orúkọ ìyá náà. Nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni Alhassan dàgbà sí, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí pè é ní Dan Tata, ọmọ Tata. Ẹ wò ó o, ẹ̀yin èèyàn wa. Orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pe ilé olówó yìí títí dòní, orúkọ ẹrúbìnrin tó tọ́ ọmọ olówó ni.

Ogún bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ìpín tirẹ̀ wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ṣe là á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ yóò fi gbọ́njú, kò rí ìpín náà mọ́. Ó ti wọlẹ̀. Ó lọ sí ilé kéwú, òun náà ṣe almajiri bíi ti àwọn ọmọ tí ẹ ń rí ní títì wa lójoojúmọ́, ó ń ṣiṣẹ́ kékeré kékeré kó lè rí nǹkan fi sẹ́nu. Tata kò ní dúkìá kankan tó lè fún un. Ohun tó ṣe ni pé ó ní kó ní kólò alámọ̀, kó sì máa ju nǹkan sínú rẹ̀ nínú gbogbo owó tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, bó ti wù kó kéré tó. Ẹ má fojú kékeré wo kólò yìí, a óò tún padà bá a níwájú.

Nígbà tó pé bí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó bá àwọn oníṣòwò rìn lọ sí Gold Coast. Ìyá rẹ̀ ló ń lọ wá. Ó ra ọjà díẹ̀ ní Bebeji, ó ta ìdajì rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sì ta ìyókù nígbà tó dé Accra. Èrò ọkàn rẹ̀ ni pé níwọ̀n ìgbà tí ìyá òun ti di olówó, ìyà ti tán nìyẹn. Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ìyá rẹ̀ fi jẹ́ kó sinmi. Lẹ́yìn ìyẹn, ó mú un lọ sọ́dọ̀ àáfà kan, ó ní kó máa gbé ibẹ̀ títí yóò fi padà sí Bebeji. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ṣe ní Accra le ju èyí tó ń ṣe nílé lọ. Lójú ẹlòmíràn, ìkà ni ìyá náà. Ṣùgbọ́n ìyá tó ti rí bí ogún ṣe ń wọlẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ ọmọ òun.

Kò pẹ́ púpọ̀ tó padà wálé tí ogun Basasa fi dé. Àwọn ọmọ ọba Kánò ló kọjú ìjà síra wọn lórí ipò Ẹ́míà ní ọdún 1893 sí 1894, ogun náà sì ba ọ̀pọ̀ ìlú jẹ́. Wọ́n mú Alhassan àti àwọn ará ilé rẹ̀ lẹ́rú, wọ́n kó wọn lọ sọ́jà láti tà. Ìdílé tó ti ní ẹrú ló wá di ẹrú yìí. Orí ló bá wọn ṣe é tí wọ́n rí owó ra ara wọn padà, tí wọ́n sì padà sí Bebeji. Ó padà sídìí òwò obì, kò sì fi í sílẹ̀ mọ́.

Ibí ni ìtàn náà ti kan àwa ọmọ Yorùbá. Obì àbàtà ni tiwa láti ilẹ̀ wá, èyí tí awẹ́ rẹ̀ máa ń ju méjì lọ. Èyí tí àwọn ará òkè Ọya fẹ́ràn ni gbàǹja, olówẹ́ méjì, orúkọ rẹ̀ sì ti ara Gonja wá, ilẹ̀ tí òwò rẹ̀ ti ń wá láti ayébáyé. Oṣù lórí oṣù ni àwọn Agalawa fi ń rin ọ̀nà náà ní àlọ àti àbọ̀, pẹ̀lú olè lójú ọ̀nà, pẹ̀lú owó ibodè ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Bebeji àti Kánò ní ọdún 1903, tí ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀, Dantata wò ó pé ọ̀nà mìíràn wà. Ó gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá, ó gba Ìbàdàn dé Èkó, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gold Coast, ó sì fi ọkọ̀ kan náà kó obì rẹ̀ padà sí Èkó. Òun wà nínú àwọn tó kọ́kọ́ dán èyí wò nínú àwọn oníṣòwò Kánò. Àwọn tó kù ṣì ń fẹsẹ̀ rìn nínú igbó nígbà tí ẹrù tirẹ̀ ń gba orí òkun bọ̀.

Àwa náà mọ ọ̀nà Gold Coast dáadáa. Àwọn èèyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀ffà àti láti Ìlọrin ṣòwò níbẹ̀ títí di ọdún 1969 tí ìjọba Busia lé àwọn àlejò jáde, tí ọ̀pọ̀ sì fi gbogbo dúkìá wọn sílẹ̀. Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹni tó ṣòwò ní ìlú onílùú, tó mọ ìgbà tó yẹ kó mú ẹsẹ̀ kan padà sílé, ọ̀rọ̀ wa náà là ń sọ. Nígbà tí ìyá Dantata kú ní Accra ní nǹkan bí ọdún 1908, ó wá gbájú mọ́ Èkó àti Kánò.

Kò pẹ́ ni rélùwéè dé Kánò, ní ọdún 1911, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún ní 1912. Rélùwéè yìí kan náà ló gbé ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa wá sí Sábó-Gàrí, gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé, oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò, yàtọ̀ sí àwọn èèyàn wa tí wọ́n ti wà ní Ayagi nínú ìlú tipẹ́tipẹ́. Ọkọ̀ náà ló ń kó obì Dantata láti Èkó wá sí òkè. Ó kúrò ní Bebeji, ó kọ́lé sí Sarari ní àdúgbò Koki nínú ìlú Kánò. Ní ọdún 1917, ó gba ilẹ̀ méjì níbi tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwọn oníṣòwò tí kì í ṣe òyìnbó, £20 ló sì ń san lórí rẹ̀ lọ́dún.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rò pé òwú ni rélùwéè yóò máa kó jáde láti Kánò. Àgbẹ̀ kò gbà fún wọn. Wọ́n ṣe ìṣirò tiwọn, wọ́n rí i pé owó ẹ̀pà dára ju ti òwú lọ, pé bí ọjà rẹ̀ kò bá sì tà, wọ́n lè jẹ ẹ́. Ní Yúróòpù, wọ́n nílò òróró ẹ̀pà fún bọ́tà àti ọṣẹ. Báyìí ni àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tí yóò bá wọn ra ẹ̀pà lábúlé. Nípasẹ̀ Ẹ́míà Abbas ni wọ́n fi rí àwọn oníṣòwò ńláńlá tó ti wà ní Kánò, àwọn ẹni bíi Umaru Sharubutu àti Maikano Agogo. Dantata kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ bá. Ọdún 1918 ni Niger Company tó wá a kàn.

Bó ṣe dé lẹ́yìn yìí, báwo ló ṣe wá ṣáájú? Bí òwò náà ṣe rí ni pé òyìnbó á yá oníṣòwò lówó kí ìkórè tó dé, oníṣòwò á pín owó náà fún àwọn tó ń ra ẹ̀pà fún un lábúlé, nígbà tí ẹ̀pà bá sì dé, iye tí òyìnbó bá fẹ́ ló máa san, nítorí pé owó rẹ̀ ni wọ́n fi rà á. Dantata kò ní láti gbára lé owó ẹnikẹ́ni. Owó obì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè fi owó ara rẹ̀ ra ẹ̀pà, kó sì bá òyìnbó ná an bí ẹni tó ni ọjà. Èkejì ni pé ó ti bá àwọn oníṣòwò òyìnbó àti àwọn akọ̀wé wọn pàdé ní Èkó àti ní Accra, ó sì gbọ́ díẹ̀ nínú èdè wọn, kò nílò alárinà. Ẹ̀kẹta, ó ti fojú ara rẹ̀ rí bí àwọn èèyàn ṣe fi kòkó rírà fún òyìnbó di olówó ní Gold Coast, ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀pà ń lọ. Nígbà tó fi máa di ọdún 1922, òun ni olówó jù ní Kánò, àwọn tí ó bá nídìí òwò sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

A kò ní parọ́ fún yín pé òwò ẹ̀pà dára fún gbogbo èèyàn bákan náà. Àgbẹ̀ mìíràn ti máa ń ta ẹ̀pà tó ṣì wà lórí ilẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú nítorí ebi, ẹni tó fún un lówó ló sì ń jèrè. Òwò ni, ẹni tó lówó lọ́wọ́ ló ń lágbára níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí owó ti ń wọlé ṣe pàtàkì, bí a ti ń ṣọ́ ọ ló tún ṣe pàtàkì jù, ibẹ̀ sì ni àwa fẹ́ kí ẹ fojú sí.

Dantata ní ẹnìkan tó ń bá a mójú tó owó. Garba Maisikeli ni orúkọ rẹ̀, odidi ọdún 38 ló sì fi wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ní alaalẹ́, àwọn méjèèjì á jókòó, wọ́n á ka gbogbo ohun tó wọlé àti ohun tó jáde lọ́jọ́ náà, títí kan kọ́bọ̀ kan. Wọn kì í sọ pé yóò di ọ̀la. Bí ẹ bá rò ó dáadáa, kólò Tata náà ni, ó kàn ti tóbi ni. Ní ọdún 1929 tí Bank of British West Africa, èyí tó di First Bank lónìí, ṣí ẹ̀ka sí Kánò, òun ni oníṣòwò Kánò tó kọ́kọ́ fowó pamọ́ síbẹ̀. Ogún ràkúnmí ni wọ́n ní ó ru owó fàdákà rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà báǹkì. Ṣé ẹ mọ̀ pé títí dòní, a ṣì ní àwọn èèyàn wa nínú ọjà tí wọ́n ń fi owó pamọ́ sábẹ́ ibùsùn, tí iná ọjà sì ń jó o mọ́ wọn lórí?

Láàárín ọdún 1920 sí nǹkan bíi mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ó lọ sí Mẹ́kà. Ọkọ̀ ojú omi ló wọ̀, ó gba ìlú Gẹ̀ẹ́sì kọjá, níbi tí wọ́n ti mú un lọ rí Ọba George Karùn-ún. Ẹ rántí pé ẹni yìí ni wọ́n ti fi sọ́jà rí láti tà. Síbẹ̀, ilé rẹ̀ ní Sarari ló ń padà sí, ó sì dá ilé kéwú sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Òkìtì àpò ẹ̀pà tí gbogbo ayé mọ Kánò mọ́ nígbà náà, tí wọ́n fi sínú ìwé tí àwọn ọmọdé ń kà, ẹ̀pà tó ń dúró de rélùwéè ni. Ẹ̀pà pọ̀ ju ohun tí ọkọ̀ lè kó lọ, wọn a tò ó jọ títí yóò fi ga bí òkè. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé nígbà tó kù díẹ̀ kí Dantata kú, ọgọ́ta irú òkìtì bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ tirẹ̀. Àwọn òkìtì náà kò sí mọ́ báyìí. Ọ̀dá ọdún 1972 sí 1973, àrùn tó kọlu ẹ̀pà ní 1975 àti owó epo rọ̀bì ló pa wọ́n rẹ́.

Nígbà tó dàgbà, ó wò ó pé kò yẹ kí Kánò máa ta ohun tó bá hù nílẹ̀ nìkan. Ní ọdún 1949, ó fi dúkìá tí owó rẹ̀ tó £10,200 sílẹ̀ fún Kano Citizens Trading Company, ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ ìlú dá sílẹ̀ láti kọ́ ilé iṣẹ́ aṣọ híhun, èyí àkọ́kọ́ tí ọmọ onílẹ̀ dá sílẹ̀ ní gbogbo òkè Ọya. Ní 1950, wọ́n fi í sínú ìgbìmọ̀ Ẹ́míà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kì í ṣe ọmọ ọba. Lẹ́yìn náà, ó di ọ̀kan nínú àwọn olùdarí àjọ rélùwéè. Ọkọ̀ tó fi kó obì, tó fi kó ẹ̀pà, òun náà ló wá ń bá wọn darí.

Oṣù kẹjọ ọdún 1955 ni àìsàn dé. Ó rí i pé ọjọ́ òun ti ń tán. Ó pe Garba Maisikeli, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ. Ó ní kí wọ́n gbé pọ̀ ní ìrẹ́pọ̀, kí wọ́n má jẹ́ kí Alhassan Dantata and Sons, ilé iṣẹ́ tó dá sílẹ̀, wó. Ó ní kí wọ́n máa fẹ́ ara wọn nínú ẹbí, kí wọ́n má bá àwọn olówó Kánò yòókù jà, kí wọ́n sì máa tọ́jú àwọn ìbátan, pàápàá jù lọ àwọn tálákà inú wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 17, oṣù kẹjọ, ó sùn, kò sì jí mọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sin ín sínú ilé rẹ̀ ní Sarari.

Kì í ṣe pé kò sí ìpín ogún lẹ́yìn rẹ̀ o. Àmọ́ òwò náà kò kú. Ahmadu, ọmọ rẹ̀, dì í mú, nígbà tí òun náà sì kú ní 1960, Aminu gba àkóso. Aminu yìí lo ayé pẹ́, ọdún 2025 ló tó lọ. Sanusi, ọmọ rẹ̀ mìíràn, di ọ̀gá nídìí ẹ̀pà.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ìtàn náà ti yí padà bí òkòtó. Sanusi ní ọmọ obìnrin kan, Mariya. Mariya bí ọmọkùnrin kan ní 1957. Ní 1965, bàbá ọmọ náà kú. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, bí Alhassan ti wà nígbà tí bàbá tirẹ̀ kú ní ọgọ́rin ọdún ṣáájú. Ṣùgbọ́n ní tọ̀tẹ̀ yìí, ọmọ náà kò di almajiri. Sanusi, bàbá ìyá rẹ̀, ló mú un sọ́dọ̀, ó tọ́ ọ, ó sì jẹ́ kó mọ òwò. Aliko Dangote ni ọmọ náà. Ní 1977, òun náà wá sí Èkó láti ṣòwò, bí bàbá àgbà rẹ̀ ti ṣe. Ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì rẹ̀ wà ní Ìbèṣè ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ilé iṣẹ́ ìfọpo rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024 sì wà ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kìí. Àwa ń jẹun ní Kánò, ọmọ Kánò náà ń ṣòwò nílé wa. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ẹnì kan ló ń ṣe ẹnì kejì lóore.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọmọ òrukàn méjì la ti rí yìí, ogún ọ̀kan wọlẹ̀, ẹnì kejì bọ́ sínú ilé tó dúró. Ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì ni iṣẹ́ ọkùnrin kan tó rántí bó ṣe rí lára òun. Àwa tí a wà ní ìlú onílùú ńkọ́? Mélòó nínú wa ló ní ìwé tó ń sọ ẹni tó jẹ wá ní gbèsè àti ẹni tí a jẹ? Mélòó ló ti pe àwọn ọmọ jókòó, kí ara tó di hẹ́gẹhẹ̀gẹ? Bàbá mìíràn wà tó jẹ́ pé ọjọ́ òkú rẹ̀ ni ìyàwó tó wà nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti èyí tó wà ní Sábó-Gàrí ń kọ́kọ́ rí ara wọn. Ta ni yóò bá irú òwò bẹ́ẹ̀ dúró?

Ẹ ra kólò, ẹ̀yin èèyàn wa, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ibi tí ẹ gbé e sí. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí wa sí.